Ka Àwo, Má Ka Ọmọ

Iṣẹ́ tèmi ni láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí ènìyàn ṣe ń pọ̀ sí i nílùú. Mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó: ẹ ka àwọn tí a bí, ẹ yọ àwọn tó kú, ẹ fi àwọn tó ṣí wọlé kún un, ẹ yọ àwọn tó ṣí jáde. Ó rọrùn. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí àwọn tó ń ka ènìyàn dé ilé wa létí omi ní Agblangandan.

Ọmọbìnrin kan ló wá lọ́sàn-án, ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan dání. Ó kí ìyá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n ní.

"Wọ́n ń bẹ," ìyá mi dáhùn.

"Mélòó, Màmá?"

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ojú tì mí, èmi olùkọ́, nínú ilé tiwa. Mo bẹ ìyá mi títí, wọ́n kọ̀. Nígbà tó yá wọ́n dìde, wọ́n kó àwo tánganran jáde láti ilé ìdáná, wọ́n tò wọ́n sórí ẹní. Ní ilé wa, olúkúlùkù ló ní àwo tirẹ̀, ẹlòmíràn kì í jẹun nínú rẹ̀.

"Ka àwo. Má ka ọmọ mi."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì wọ́n. Àwo tó bá fọwọ́ kàn, èmi ni mò ń sọ ọjọ́ orí ẹni tó ni ín àti iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń lọ geere títí ó fi kan èyí tó ní àwọ̀ ewé, tí etí rẹ̀ ti bó.

"Ti àbúrò mi ọkùnrin ni. Ó lọ sí Gàbọ́ǹ, ọdún kẹta rèé."

"Ẹni tó bá ti kúrò nílé ju oṣù mẹ́fà lọ, a kì í kà á mọ́ ará ilé, Madámù." Ó sún àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyá mi dá a padà sáàárín àwọn yòókù.

Mo ní, "Màmá, bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn. Ó ti ṣí jáde."

"Ta ló ṣí jáde? Nígbà tí mo kúrò nílé bàbá mi ní Ṣakété wá síbí, tí omi ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbí, bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nínú yàrá mi. Títí wọ́n fi kú, wọn kò yọ mí. Ìwé wo lo wá kà tó o fi ń yọ ọmọ ìyá rẹ?"

Ọmọbìnrin náà ní ojú ewé mìíràn wà fún àwọn tó lọ sílẹ̀ òkèèrè. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ díẹ̀, ó gbójú sókè.

"Ṣé ó ṣì wà láàyè?"

Ó lé lọ́dún kan tí àbúrò mi ti pè wá gbẹ̀yìn. Ẹnì kan tí wọ́n jọ wọkọ̀ ojú omi lọ ránṣẹ́ pé òun kò gbúròó rẹ̀ mọ́. N kò sọ ọ́ síta, àmọ́ nínú ọkàn mi mo ti yọ ọ́, kì í sì í ṣe pẹ̀lú àwọn tó ṣí jáde, bí kò ṣe pẹ̀lú àwọn tó kú. Ìyá mi kò wo ọmọbìnrin náà. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ó wà láàyè," ni mo wí.

"Ṣé ó dá yín lójú, Madámù?"

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, ní kí wọ́n wá bá mi nílé ìwé."

Ó kọ ọ́. Bóyá irọ́ ni mo pa, n kò mọ̀, n kò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń yọ ènìyàn kò sọ ẹni tó láṣẹ láti yọ ọ́. Èmi náà kò bi wọ́n rí.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà lọ, mo kó àwo padà. Mo fi ìka ra inú èyí tó ní àwọ̀ ewé, mo rò pé eruku ọdún mẹ́ta á wà níbẹ̀. Kò sí. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́.