Bàálù Tí Mo Fi Sitáàṣì Ṣòkòtò Sí

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé bí èèyàn bá rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ á là. Eruku bo gbogbo Banikanni, àdúgbò wa ní Parakou, oòrùn sì rí bí ẹyin tó bọ́ sínú ògì. Ṣùgbọ́n ewé kan kò mì. Ìyẹn ló dùn mọ́ ọkọ mi, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kì í sábà dìde títí oòrùn á fi gòkè díẹ̀, ohun tí a sì fẹ́ ṣe kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. A fẹ́ kí bàálù wa fò.

Bàálù tí mò ń wí yìí kò gùn ju apá mi lọ. Ọkọ mi ló ṣe é. Rédíò ló ń tún ṣe. A kò tíì pẹ́ tí a ti Ṣábẹ̀ dé Parakou, òmìnira gan-an kò tíì pẹ́, rédíò kò sì pọ̀ nílùú débi tí ọ̀kan á máa bàjẹ́ lójoojúmọ́. Àyè wà fún un dáadáa. Ó fi pòròpórò ọkà bàbà ṣe egungun bàálù náà, torí kò wúwo. Ìdérí ìgò ló fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Mọ́tò kékeré tó ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, inú ẹ̀rọ àwo orin kan tó ti kú ló ti yọ ọ́.

Ó ti gbọ́ pé àwọn òyìnbó máa ń dúró nílẹ̀, tí wọ́n á fi rédíò darí tiwọn lókè, láìsí okùn. Ó ní òun á dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kó tó dé ibẹ̀, ó ri òpó kan mọ́lẹ̀ ní pápá kan nítòsí ilé, ó fi wáyà bàbà tín-ín-rín méjì so bàálù mọ́ orí òpó náà, níbi tó lè máa yí. Wáyà yẹn ló ń gbé iná láti inú bátìrì lọ bá mọ́tò, òun náà ló sì so bàálù mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́.

Èmi ni mo ṣe aṣọ apá rẹ̀. Aṣọ tí mo fi ń sẹ́ ògì, tó ti gbó, ni mo gé, mo ran án, mo sì fi sitáàṣì ẹ̀gẹ́ sí i. Iṣẹ́ mi nìyẹn, alágbàfọ̀ ni mí. Ṣòkòtò àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, bí mo bá lọ̀ ọ́ tán, ó lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ní, “Jẹ́ kó le o.” Mo sì jẹ́ kó le. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rì í sínú sitáàṣì.

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ eré lásán, bí kò bá ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ, nítorí náà Bàbá Kàmíyọ̀ ni mo ń pè é, torí kàmíyọ̀ akẹ́rù ló ń wà. Ó wá kó ẹrù ní Parakou lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì jókòó sílé wa.

“Àbúrò, èèyàn mélòó ló gbé rédíò wá lóṣù tó kọjá?”

“Mẹ́ta.”

“Mẹ́ta. Táyà mi nìkan bàjẹ́ ju ìyẹn lọ. Wá bá mi wakọ̀.” Ó wá fi ọwọ́ tọ́ka sí bàálù. “Bí nǹkan yìí bá fi ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí kò bá kúrò, a jọ ń lọ ni.”

Ọkọ mi gbà. Èmi kò fẹ́ ọkọ tí ń bọ̀ wá sílé lẹ́ẹ̀kan lóṣù wá fọ ẹsẹ̀.

Bátìrì kàmíyọ̀ náà gan-an la yá. Bátìrì ìgbà yẹn, ojú mẹ́fà ló ní, òjé tó so wọ́n pọ̀ sì máa ń hàn lókè. Ọkọ mi fi ẹnu wáyà kan ojú kejì, bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó sún un dé ojú kẹta, bàálù sáré yí òpó po bí adìẹ tí wọ́n ń lé. Ó sún un dé ojú kẹrin, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹsẹ̀ kò kúrò nílẹ̀.

Bàbá Kàmíyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó di ètè rẹ̀ mú. “Kàmíyọ̀ lo ṣe. Mo ti mọ̀ pé awakọ̀ ni ẹ́.”

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń wo mọ́tò, ó rò pé agbára rẹ̀ ni kò tó. Èmi ni mo gbé bàálù náà nílẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbé aṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ṣeé tàn jẹ. Bí mo ṣe gbé e ni mo mọ̀.

Mo ní, “Ẹ̀bi mi ni. Sitáàṣì ṣòkòtò ni mo fi sí i. Ó wúwo.”

“Ìyàwó wa, ó dáa tó o ń gbèjà ọkọ rẹ.”

Mi ò bá a jà. Nígbà tí a délé, mo já ṣòkòtò kan àti aṣọ ọmọ ọwọ́ kan lórí okùn, mo kó wọn lé e lọ́wọ́. “Ẹ wò ó, ẹ̀yin náà. Sitáàṣì mẹ́ta ni mò ń lò. Ti ṣòkòtò nípọn, ti ṣẹ́ẹ̀tì wà láàárín, ti aṣọ ọmọ ọwọ́ dà bí omi. Ti ọmọ ọwọ́ ló yẹ kí n fi sí bàálù.”

Ó fi ọwọ́ pa aṣọ méjèèjì. “Ọ̀la ni mò ń lọ,” ló wí. “Ẹ tún un dán wò; bí ẹrù bá ti wọ ọkọ̀ tán, mo ti lọ nìyẹn.” Ó sì ní kí ọkọ mi kó aṣọ ara rẹ̀ sínú àpótí, kó gbé e sínú kàmíyọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọkọ mi gbé e lọ.

Èmi tú òwú apá bàálù, mo rẹ aṣọ náà sínú omi títí ó fi rọ̀ bí ó ti rí nígbà tí mò ń fi sẹ́ ògì.

Lọ́jọ́ kejì, mo tètè dáná. Mo po sitáàṣì ọmọ ọwọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rì í, mo sì na aṣọ náà padà sára pòròpórò. Ọyẹ́ kò lọ́rẹ̀ẹ́ bí kò ṣe alágbàfọ̀: kí n tó jẹ ẹ̀kọ mi tán, ó ti gbẹ.

A tún yá bátìrì kàmíyọ̀; ní ojú kẹta, ìrù bàálù gbéra. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀, ó ga tó ewúrẹ́, ó ga tó àyà mi, wáyà sì le koko. Bàbá Kàmíyọ̀ ń yí ọrùn tẹ̀ lé e, yípo, yípo, títí òòyì fi kọ́ ọ.

“Ó ti tó,” ló wí. “Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bátìrì mi nìyẹn.”

Ṣùgbọ́n bátìrì náà ti ń ṣàárẹ̀ tipẹ́, a sì ti lò ó lọ́jọ́ méjì. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò dá a padà sídìí ọkọ̀, ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́. Bàbá Kàmíyọ̀ yọ orí jáde lójú fèrèsé. “Ẹ̀yin onírédíò, ẹ wá tì mí.”

Mo gun ẹ̀yìn kàmíyọ̀, mo fa àpótí ọkọ mi jáde láàárín àpò ẹ̀gúsí, mo gbé e kalẹ̀ létí ọ̀nà. Mo wá ká ìró mi mọ́ra dáadáa, mo bá wọn ti ọkọ̀.