Aṣọ Tí Mo Sin Sínú Ọ̀dàn

Nígbà tí mo lọ ra aṣọ funfun ní Ọjà Ọba, ńṣe ni obìnrin tó ń tà á kọ́kọ́ bá mi kẹ́dùn. Ó wo ojú mi, ó wo bí aṣọ tí mo ní kó gé ṣe pọ̀ tó, ó ní, "Ẹ kú àráfẹ́rakù o. Ṣé àgbà ni?" Mo ní kò sí ẹni tó kú. Ó ní kí wá ni mo fẹ́ fi aṣọ ṣe. Mo ní mo fẹ́ lọ sin ín ni. Ó gé aṣọ náà kíákíá kí n lè kúrò níwájú ìsọ̀ rẹ̀.

Tíṣà ni mí. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó. Nígbà náà, mò ń ṣe máàsítà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é débi pé ọmọ tí mo kọ́ ní girama ti gba máàsítà tirẹ̀, ó tún wá kí mi kú iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò le láti sọ: nínú ọ̀dàn, níbi tí koríko ti ń hù fúnra rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dáko sí, kí ni àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí sì ni wọ́n ń ṣe nígbà òjò?

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fi ọ̀nà kan hàn mí tí kò ná èèyàn ní nǹkan púpọ̀. Ó ní kí n gé aṣọ òwú sí wẹ́wẹ́, kí n sin ín, kí n sì hú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oúnjẹ ni òwú jẹ́ fún àwọn kòkòrò yìí. Bí wọ́n bá wà lójúfò, wọ́n á jẹ ẹ́ ní ihò ní ihò. Bí wọ́n bá ń sùn, aṣọ á jáde bó ṣe wọlé. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá náà ṣe fún mi: "Kọ orúkọ rẹ sí i lára dáadáa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ń sin tiwọn, mi ò fẹ́ kí ẹ wá máa jà sí aṣọ níwájú mi."

Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ iléèwé jà nítorí wọn kì í kọ orúkọ sórí ìwé wọn, ṣé mo wá lè kùnà? Mo ra máákà dúdú tí omi kì í pa rẹ́, mo kọ orúkọ mi ní kíkún, àti ti bàbá mi, gàdàgbà-gadagba, sára gbogbo aṣọ funfun náà. Mo sì gbóríyìn fún ara mi.

Ìgbẹmọ ni mo lọ sin wọ́n sí. Ọ̀dàn kan wà lẹ́yìn ìlú, lókè àwọn oko ìrẹsì, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́lẹ́ lórí àpáta tí kò sí àgbẹ̀ tó fojú sí i. Ká má parọ́, ìdí mìíràn tún wà tí mo fi yan ibẹ̀: Ìgbẹmọ ni ìyá mi ń gbé, aránṣọ ni, ọbẹ̀ rẹ̀ sì dùn. Mo sọ fún un pé mo ń ṣe iṣẹ́ yunifásítì nínú koríko. Mi ò mẹ́nu ba aṣọ. Aládùúrà paraku ni màámi, bí èèyàn bá ní ẹ̀fọ́rí lásán lójú rẹ̀, ó ti di ìṣọ́ òru. Èmi ní tèmi, Áńgílíkà ni mí ní Adó, a kì í ríran, aago mẹ́wàá la ń wọlé, a sì ti ń jẹun ọ̀sán kí oòrùn tó yẹ àtàrí.

Ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ wẹ́rẹ́. Ọyẹ́ ń jà, koríko ti gbẹ, ilẹ̀ le bí ẹni pé wọ́n fi sìmẹ́ńtì pò ó. Nígbà tí mo hú àwọn aṣọ náà, wọ́n dọ̀tí, ṣùgbọ́n mo fà wọ́n títí, wọn kò ya. Wọ́n lágbára ju búláùsì tí mo wọ̀ lọ. Inú mi dùn, nítorí ó fi hàn pé àwọn kòkòrò mi ń sùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, ó ní, "Ó dáa. Ó ku ti òjò."

Ti òjò yìí ni mo fi ẹ̀mí mi lé. Bàbá náà máa fẹ̀yìn tì ní ìparí ọdún. Ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ ti pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní òun kò gba ọ̀rọ̀ aṣọ gbọ́, pé bí mi ò bá tíì parí kí òun tó dé, màá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí òjò yẹn bá fi lọ láìsí aṣọ lọ́wọ́ mi, máàsítà mi ti wọ igbó.

Òjò dé, koríko ga dé àyà mi, ilẹ̀ rọ̀, ó ń rùn bí ilẹ̀ tó jẹunre yó. Mo sin aṣọ mi, mo padà sí Adó, mo ń ka ọjọ́. Ní Sátidé tó yẹ kí n lọ hú u, mo wọ ọkọ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀, mò ń kọrin nínú ọkọ̀ bí ẹni ń lọ síbi ìyàwó.

Mo dé inú ọ̀dàn, mo bá kòtò. Gbogbo ibi tí mo sin aṣọ sí ni wọ́n ti gbẹ́ yánnayànna. Àbẹ́là tó jó kù wà létí kòtò kọ̀ọ̀kan, iyọ̀ wà nílẹ̀, koríko ti tẹ̀ bí ẹni pé ogunlọ́gọ̀ èèyàn fò sókè lórí rẹ̀. Aṣọ kankan kò sí. Mo jókòó sínú koríko tútù, mo sunkún gidi, mo sì ṣépè fún olè náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Irú olè wo ló ń jí àkísà nínú ilẹ̀?

Mo lọ sílé màámi kí ó lè bá mi sunkún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ti rù. Kí n tó lanu, ó dì mọ́ mi. "Jókòó, ọmọ mi. Má bẹ̀rù. A ti ṣẹ́gun. Wọ́n sin ọ́ sí ulẹ̀, a ti hú ọ jáde!"

Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, obìnrin kan ló ń ṣa ìgbín nínú ọ̀dàn, tí àgbàrá ti ṣí etí aṣọ funfun kan síta. Ó fà á, ó rí orúkọ mi, ó rí ti bàbá mi, ó fi ìgbín sílẹ̀, ó sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìjọ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì láìwọ bàtà, pẹ̀lú agogo, wọ́n hú ọ̀dàn náà títí aṣọ kò fi kù. Wòlíì ní kí wọ́n má sọ fún mi kí àwẹ̀ tí wọ́n ń gbà nítorí mi tó parí. "Wòlíì ní ohun ọ̀hún ni kò jẹ́ kí uṣẹ́ yunifásítì rẹ parí. Ó ní inú aṣọ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ wà."

Kí n má purọ́ mọ́ wòlíì, òótọ́ ló sọ.

"Màámi," ni mo wí, "èmi ni mo sin ín."

Ó tú ọwọ́ kúrò lára mi. "Ìwọ ni o sin ara rẹ?"

"Ẹ̀kọ́ ni, mà. Ọ̀gá mi ló ní kí n kọ orúkọ sí i."

"Ọ̀gá rẹ ọ̀hún, ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń lọ?"

Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ fún mi pé wọn kò sun ún. Ó ní wòlíì fẹ́ sun ún, òun ni òun dùbúlẹ̀ lé e lórí, pé kò sí ẹni tó máa fi iná sí orúkọ ọmọ òun. Ó wọ yàrá, ó gbé àpò ọ̀rá kan jáde. Aṣọ mi wà níbẹ̀. Ó ti fọ̀ wọ́n. Ó ti fi sítáàṣì sí wọn, ó lọ̀ wọ́n, ó ká wọn bí aṣọ ìsìnmi. Gbogbo ihò tó wà lára wọn ni ó sì ti lẹ̀ pa pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Nígbà tí mo rí bí wọ́n ṣe jẹ ọ́," ó ní, "mo sunkún. Ihò kan, sáàmù kan. Mo dí gbogbo rẹ̀."

"Ihò yẹn ni mo ń wá, màámi!" Mo pariwo débi pé aládùúgbò yọjú. "Ihò nìkan ni mo ń wá!"

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ ti ibẹ̀ gbé mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Mo bá jókòó, mo ṣàlàyé, bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ìwé kìíní: kòkòrò tí ojú kò rí, òwú tó jẹ́ oúnjẹ wọn, òjò tó jí wọn.

"Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?"

"Wọn kì í jẹun, mà."

"Àwẹ̀ ni wọ́n gbà," ni màámi wí, ara rẹ̀ sì balẹ̀. "Ìgbà tí òjò bá dé, wọ́n á ṣínu." Ó mú réésà, ó ní òun kò gé etí ihò kankan, òun kàn lẹ aṣọ mọ́ ọn lẹ́yìn ni. A jókòó síwájú ilé, à ń tú òwú tó fi rán an. Ihò mi ń padà yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tóbi, ó rí jágajàga, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò wọ́n.

Ó wá ku aṣọ kan. Lára ìyẹn, ihò ti jẹ àárín orúkọ mi lọ. Màámi ti lẹ ẹ́, lórí ibi tó lẹ̀ ni ó ti fi ọwọ́ ran àwọn lẹ́tà tó sọnù padà, pẹ̀lú òwú aláwọ̀ búlúù. Ìwé mẹ́fà ni màámi kà. Lẹ́tà náà wọ́, wọ́n fara ti ara wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló pé.

"Tú u," ó ní. "Ọ̀gá rẹ fẹ́ rí ihò." Mo gbé réésà lé e, mo tún gbé e kúrò. Mo ká a, mo fi sínú báàgì mi. Nínú ìwé mi, mo kọ ọ́ pé aṣọ kan kò ṣeé wọ̀n.

Àwọn yòókù tó. Mo parí kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ní Ìgbẹmọ, ìjọ màámi sọ ọ́ di ẹ̀rí, pé ọjọ́ tí wọ́n hú mi jáde nínú ilẹ̀ ni ìwé mi parí. Wọ́n pè mí wá jẹ́rìí. Mo lọ, mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé aṣọ olówùú búlúù yẹn sókè níwájú gbogbo ìjọ, mo ní òótọ́ ni.