Ojú Ẹṣin Mi Lẹ́nu Àǹtí

Èébì ń gbé mi títí di ìsinsìnyí.

Ẹ mọ̀ pé mo máa ń to pọ́sù, àwòrán tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí èèyàn á tò padà, mo sì máa ń wá sọ fún yín lórí ìkànnì yìí bóyá ó dáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi to ti ẹlẹ́ṣin yìí. Láàárọ̀, ó ku ègé kan ṣoṣo, ojú ẹṣin. Mo wá a tì. Inú bí mi, mo kọ ọ́ síbí pé kò pé, kí ẹnikẹ́ni má rà á.

Lọ́sàn-án, àbúrò màmá mi tó wá kí wa láti Ìmùṣin mu gàrí tán pẹ̀lú ẹja díndín. Ojú ẹṣin mi ló fi ń tayín.

"Àǹtí, ibo lẹ ti rí ìyẹn?"

"Orí tábìlì rẹ. Ṣebí páálí lásán ni."

Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti fà á yọ, ó fi ìró nù ún, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí àyè rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú.

"Ó ti pé báyìí."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí." Fọ́nrán ẹja ṣì wà lójú ẹṣin náà.

Ẹni tó tà á, ẹ má bínú. Pọ́sù yín pé.

Mo ń fi í tọrẹ. Ta ló máa wá gbé e?