Bàbá tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ padà wálé

Bàbá kan sọnù sórí pátákó mi lónìí, àwọn tó yẹ kó wá a ló ń pàtẹ́wọ́.

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ n'Íkẹ̀rẹ́ níbí. Mo ya gíráàfù bàbá kan tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko. Bó ṣe ń jìnnà sílé ni ìlà ń gòkè. Bó bá sáré, á tún gòkè kíákíá. Nígbà tó dúró wa iṣu, ìlà nà gbọọrọ. Nígbà tó ń padà bọ̀, ìlà ń sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi délé.

Ni inspẹ́kítọ̀ bá dé láti Adó. Àwọn ọmọ ò tíì kí i tán tó ti nàka sí pátákó.

"Mísís, kí ló dé tí ìlà tiyín ń lọ sílẹ̀?"

"Bàbá ló ń bọ̀ wálé, sà."

"Ìpínlẹ̀ tuntun ni Èkìtì o! Òkè là ń lọ. Ẹ jẹ́ kó gòkè."

"Tó bá gòkè, kò ní délé, sà."

"Ṣé ẹ fẹ́ bá mi jiyàn lójú àwọn ọmọ ni?"

Mo wojú pírínsípà wa tó tẹ̀lé e wọlé. Pírínsípà ń wo bàtà ara rẹ̀.

Mo pa ìlà rẹ́, mo fà á gòkè títí tó fi kan etí pátákó. Inspẹ́kítọ̀ pàtẹ́wọ́, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ó wọ mọ́tò, ó ṣẹ́rí padà sí Adó. Òun ń lọ sílé tirẹ̀ nìyẹn o.

Ọmọbìnrin kan wá nawọ́ sókè.

"Àǹtí, àwọn ará ulé ti gbómi kaná, uṣu ni wọ́n ń retí. Ṣé bàbá ò ní dé mọ́ ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá a lóhùn.