Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Tí Bàbá Mi Dà Nù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Èbúté Mẹ́ta, òórùn àgbàdo tó ti hù ló máa ń jí mi láàárọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ òórùn náà. Ó jọ ti ògì díẹ̀, ó sì tún jọ ti koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá àgbà, ló ń se ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Iṣẹ́ tó mú wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, ẹ̀yìn ilé tí a gbà gbé ló sì ti ń ṣe é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Mo ti dàgbà báyìí, ó sì máa ń tètè rẹ̀ mí bí mo bá ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ ní sùúrù fún mi.

Màmá àgbà á rẹ àgbàdo sínú omi, á dà á sórí ewé, á sì fi ewé mìíràn bò ó títí yóò fi hù. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò sá a kó gbẹ, kó tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Bó bá ti ẹnu ẹ̀rọ dé, yóò pò ó mọ́ omi, yóò sì máa sè é títí ojú gbogbo wa yóò fi pọ́n nítorí èéfín. Bó bá sẹ́ ẹ tán, tó dà á sínú àmù, iṣẹ́ tirẹ̀ parí nìyẹn. Ọtí náà yóò máa hó fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá gbé etí sẹ́nu àmù náà, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́ nínú lọ́hùn-ún.

Ọ̀sán Sátidé ni àwọn tó ń mu ún máa ń wá. Wọn kò pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀mùtí. Àgbààgbà ni wọ́n, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò. Àwọn méjì ni mo rántí jù. Ọ̀kan ti wa ọkọ̀ ojú irin rí, kò sì fẹ́ràn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àfi ìgbà tó bá ṣì dùn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́ ẹ. Èkejì jẹ́ káfíńtà. Tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kan débi tí ẹnu yóò fi fún un pọ̀. Awakọ̀ á ní ọtí káfíńtà kò yàtọ̀ sí omi orí ògì, káfíńtà náà á ní ọmọ ọwọ́ ló yẹ kí wọ́n máa fún ní ti awakọ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn fà á nìyí ní gbogbo Sátidé tí Ọlọ́run dá, bẹ́ẹ̀ wọn kì í jókòó lọ́tọ̀. Màmá àgbà kò dá sí i. Àmù méjì ló ń gbé kalẹ̀, ọ̀kan fún tòní, ọ̀kan fún èyí tó ti pẹ́. Lọ́jọ́ kan awakọ̀ ra bíà onígò kan wá kí gbogbo wọn lè tọ́ ọ wò. Màmá àgbà fi kan ètè, ó gbé e kúrò lẹ́nu, ó sì béèrè pé àìsàn wo ni wọ́n ń fi í wò.

Owó ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n fi tọ́ bàbá mi. Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, ó gbéyàwó, ó mú ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀. Ìgbà tó yá ló wọ ìjọ kan tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ọtí sétí rárá. Ó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sìn, wọ́n sì sọ ọ́ di àgbà ìjọ. Wọ́n wá ní ilé wa ni àdúrà ìrọ̀lẹ́ Sátidé yóò máa wáyé. Ẹ rí i, bàbá mi kò lójú láti sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó ṣíwọ́. Ó kàn máa ń mí kanlẹ̀ bó bá kọjá níbi àmù. Ó máa ń ka Bíbélì sókè nígbà tí àwọn àgbààgbà yẹn bá wà níta. Màmá àgbà rò pé ìtara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìjọ ni, pé yóò rọlẹ̀.

Sátidé tí àdúrà yóò bẹ̀rẹ̀, bàbá mi jáde pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Awakọ̀ àti káfíńtà ti jókòó, igbá wà lọ́wọ́ wọn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé àmù àkọ́kọ́, ó dà á sí gọ́tà. Ó padà wá gbé èkejì, ó da ìyẹn náà. Ọtí náà ta sí i láṣọ. Káfíńtà dìde, ó bọ́ fìlà, bí ẹni tó dé ibi òkú.

Gbogbo wa ń retí kí Màmá àgbà pariwo. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, ká ní o sọ fún mi ni, ọwọ́ ara mi ni ǹ bá fi dà á nù."

Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Mushin. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, bàbá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò bínú, ó kàn rẹ òun ni. Àwọn àgbààgbà yẹn ṣì wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìyá mi fún wọn lómi. Wọ́n mu omi náà, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì lọ. Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́.

Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn kí àìsàn tó dá Màmá àgbà dùbúlẹ̀. Bàbá mi kì í pa Sunday jẹ kó má lọ kí i. Gbogbo nǹkan ni wọ́n jọ ń sọ, wọn kì í mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìdí-Àràbà, àwọn dókítà sì sa gbogbo ipá wọn, kí wọ́n tó ní ká máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Oúnjẹ kò wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kan ló sọ fún ìyá mi pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló ń wu òun. A wá a títí ní Mushin. Bíà onígò ló kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí.

Bàbá mi gbọ́. Mo rí i lọ́jọ́ kejì ní àgbàlá àbúrò Màmá àgbà, ó ń rẹ àgbàdo. Kò bi ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìdí àmù ni wọ́n bí i sí. Ó sá a, ó gbé e lọ sí ẹ̀rọ, ó jókòó ti iná bí èéfín ṣe ń ta á lójú. Àwọn ará ìjọ méjì tí wọ́n wá kí aláìsàn bá a nídìí ìkòkò. Wọ́n wò ó, ó wò wọ́n, ó sì ń ro ìkòkò rẹ̀ lọ.

Nígbà tó bù ú wá, ìyá mi gbé Màmá àgbà jókòó. Ó mu díẹ̀. Ó fi ahọ́n lá ètè rẹ̀.

"Kò tíì kan tó," ó ní. "O kánjú. Ìwọ náà tọ́ ọ wò."

Bàbá mi gba igbá náà. Ẹni tí kò fi ẹnu kan ọtí láti ìgbà tó ti wọ ìjọ gbé e mu. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, ó ní, "Ẹ dárí jì mí, Ìyá." Màmá àgbà kò sọ pé òun dárí jì í. Ó na igbá sí i pé kó bù sí i.

Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Màmá àgbà fi dákẹ́. Bàbá mi kò kúrò ní ìjọ rẹ̀, kò sì tún se ọtí mọ́ títí òun náà fi lọ.

Ayé ti yí o. Ọmọ ọmọ mi kan ń gbé ní Yaba, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pọn bíà fúnra wọn nínú ike ńlá ní kíṣíìnì. Wọn kì í tà á, wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ọ̀kan fẹ́ dúdú tó ki, ọ̀kan ní àfi kó tutù kó sì fúyẹ́, ọmọbìnrin kan nínú wọn sì ń fi ewúro sí tirẹ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti mọra, ibi tí kálukú ń gbé jìn síra. Wọ́n bi mí bí wọ́n ṣe ń se ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Mo sọ ìwọ̀nba tí mo rántí, wọ́n tún bi mí, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọmọ mi tó bí i jẹ́ pásítọ̀. Ó mọ̀ nípa rẹ̀, kò bá a jà, kò sì débẹ̀ rí. Nígbà tiwa, wọ́n á da tìrẹ nù lójú rẹ. Nísinsìnyí, wọ́n á kàn fi ọ́ sílẹ̀. N kò mọ èyí tó sàn.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n wá gbé mi. Àtẹ̀gùn ilé wọn ga, eékún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀. Wọ́n fi mí sórí àga tó rọ̀ jù, wọ́n bu díẹ̀díẹ̀ síwájú mi nínú ife. "Màmá àgbà, ẹ má wojú wa o, ẹ sọ òótọ́," ọmọbìnrin oníewúro yẹn wí. Mo tọ́ wọn wò. Tirẹ̀ korò, àmọ́ ó dára, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, oorun sì gbé mi lọ níbi tí mo jókòó. Nígbà tí mo la ojú díẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bo ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì ti rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí mi, wọ́n ṣì ń bá ara wọn fà á. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ti jí. Mo pa ojú mi dé padà, mo jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ.