Ọjọ́ Tí Mo Ní Mo Ti Jáde Nínú Igbó

Kíkorò àgbo dọńgóyárò ṣì wà lẹ́nu mi lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá ìrìn rìn jáde kúrò nínú yàrá mi ní Tanke, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí mi lára, tó sì ń ṣe mí bíi kí n fò. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí nígbà náà. Táífọ́ọ̀dù ti gbé mi ṣánlẹ̀, ó ti sọ mí di igi gbígbẹ, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà mi l'Ọ́jà Tuntun ní bí ara mi ò bá tíì yá, àwọn á sún ọjọ́ ìtọrọ síwájú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oníṣòwò kan tó ní mọ́tò ti sọ ẹnu ọ̀nà wọn di ọ̀nà oko.

Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, ó sì ti gùn mí lórí. Olùkọ́ wa kan ti kọ́ wa ní onírúurú ọ̀nà tí Òyìnbó ń gbà sọ pé ara aláìsàn ti yá. Wọ́n á ní ó ti “bounce back”, bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ni. Wọ́n á ní ó wà “on the mend”, bí aṣọ tó ya tí wọ́n ń lẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni “out of the woods”, pé ó ti jáde nínú igbó. Lórí ibùsùn àìsàn, ṣe ni mò ń ka gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà, mò ń retí ẹni tí n óò kọ́kọ́ lò wọ́n fún.

Àbúrò bàbá àfẹ́sọ́nà mi ló kó sí mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Awakọ̀ ni ní Ọ̀fà Gáráàjì, wọ́n ní kó yà wò mí.

“Àna wa, ara ńkọ́?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo na ọrùn. “I am out of the woods, sir.”

“Kí nìyẹn, jàre?”

Mo rẹ́rìn-ín ọ̀mọ̀wé. “Ó túmọ̀ sí pé mo ti jáde nínú igbó, sà.”

Ó wo ojú mi tó ṣì pọ́n, ó wo ètè mi tó gbẹ, ó mí kanlẹ̀. “Alihamdulilahi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó o padà síbẹ̀.” Mo ṣe àmín tó rinlẹ̀. Igbó tí ọdẹ ń wọ̀ ni mo ní lọ́kàn. Ọkàn mi ò tilẹ̀ lọ síbi igbó tí wọ́n ń wé nínú bébà, tí wọ́n ń fi iná sí.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí wá sí Ọjà Tuntun lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bàbá àfẹ́sọ́nà mi, ẹni tí kì í gbà kí wọ́n mu sìgá níwájú ilé rẹ̀, jókòó lórí ẹní, àbúrò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀?”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àìsàn mi ló ń béèrè. “Ẹ̀yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni, Bàbá.”

“Subuhanalahi! Ta ló fún ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó fún mi, Bàbá. Nínú kànga ilé wa ni. Gbogbo wa la jọ ń mu ún.”

“Inú kànga ni wọ́n ń kó o pa mọ́ sí!” ni àbúrò rẹ̀ wí.

Mo rí i pé ojú Bàbá ti yí padà, mo sì sáré fi ọkàn wọn balẹ̀: “Ṣùgbọ́n a ti ń sè é báyìí ká tó mu ún.”

“Wọ́n tún ń sè é!”

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn kọ́tìnì. Àfẹ́sọ́nà mi jáde, ó kúnlẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. “Bàbá, omi ni wọ́n ń sè! Àìsàn ló ní òun jáde nínú ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló mu yó, kì í ṣe igbó.”

“Wàláì, ojú ẹ̀ pọ́n o,” ni awakọ̀ wa ń wí síbẹ̀.

Irùngbọ̀n Bàbá kọ́kọ́ gbọ̀n, èjìká rẹ̀ gbọ̀n tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, nítorí a ò tíì dárúkọ ìyàwó. Ó nu ojú rẹ̀.

“Ní èdè tí ìyá ẹ fi tọ́ ẹ, ṣé ara ti yá?”

“Ara ti yá, Bàbá.”

“Ó yá, lọ sọ fún àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n máa bọ̀.”

Mi ò mọ bí mo ṣe dé títì. Mò ń kí ẹni tí mo mọ̀, mò ń kí ẹni tí n kò mọ̀, mo kí ewúrẹ́ kan pàápàá. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi balẹ̀, ó sì di òròmọdìẹ.

Bàbá ti lọ, àbúrò rẹ̀ náà ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Èmi àti ìyàwó mi ti darúgbó. Láàárọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ bi mí bí mo ṣe jí. “Ara le,” ni mo máa ń wí, títí kan àwọn ọjọ́ tí kò le rárá. Kì í bá mi jiyàn. Á kàn rọra gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí mi, á wò ó bóyá ó gbóná.