Àfòpiná Aláwọ̀ Ewé Inú Ìwé Bàámi

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agbo ilé bíi tèmi á rántí òórùn ògiri amọ̀ tí òjò rin gbindin. Òórùn yẹn ló máa ń jí mi ní Ìsàlẹ̀ Òsì, n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìrun àsùbá, Bàámi á ti dúró sábẹ́ gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa ka àfòpiná tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìgò yàrá sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń fọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, wọn kì í ṣe olùkọ́. Síbẹ̀ wọ́n ní ìwé àjákọ tí wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ọjọ́, iye, àwọ̀, bí ìyẹ́ ṣe gùn tó. Ìyàwó ilé kan á ní, "Bàbá Rìsí, àwọn àlejò yín mà ti dé, ẹ ò ní fún wọn lẹ́kọ mu?" Bàámi á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ẹni tó bá ń kà á ló máa mọ̀ nígbà tó bá dín."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí wọ́n dá wọn dúró sí ọsibítù. Bàámi gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́. "Ohun tó o bá rí ni kó o kọ."

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi jí kà wọ́n. Òjò ń rọ̀, oorun ń dùn, ni mo bá ń kọ iye tó bá ti wù mí. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ kí wọn, mo ya ọ̀kan tí mi ò rí sínú ìwé náà, ó tó àtẹ́lẹwọ́, aláwọ̀ ewé, onírù méjì. Bàámi ti rí irú rẹ̀ nínú ìwé rí, wọ́n ní àwọn ò tíì fojú kàn án. Mo kàn fẹ́ kí inú wọn dùn ni.

Inú wọn dùn jù. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì, wọ́n pe bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. "Ẹ wá wo ohun tí ọmọ mi rí." Bàbá náà ní, "Alàgbà, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?" Bàámi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Mo fẹ́ sọ òótọ́, mo kàn pa ìwé náà dé ni. Wọn ò padà wálé mọ́.

Lọ́dún yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù tẹ àwọn ìwé náà sórí ayélujára, níbi tí àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ àfòpiná ń kó tiwọn jọ sí. Orúkọ Bàámi ni mo fi síbẹ̀. Ọmọ á wà lẹ́yìn mi, màá máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kọ̀wé sí mi: kò tíì sẹ́ni tó fi aláwọ̀ ewé yẹn ránṣẹ́ láti Ìbàdàn rí, ṣé ó dá mi lójú? Bó bá dá mi lójú, Bàámi ni yóò jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ pé ó dá mi lójú, mo tún nù ún kúrò. Ta ló fẹ́ mọ̀? Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ pé, "Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á, kì í ṣe bàbá mi." Mo yọ gbogbo ojú ewé tó jẹ́ ìkọ̀wé mi kúrò lórí ayélujára, àti ti ọjọ́ mẹ́ta tí mo jí yẹn náà, torí mi ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí irọ́ tí mo pa mọ́. Àkọsílẹ̀ Bàámi wá parí sí ọjọ́ tí wọ́n wọ ọsibítù.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ìjọsí ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà nà án ni. Èmi tí mo ti di ìyá ọmọ báyìí, mò ń wá ẹni tí ìbá nà mí lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò rí.